Ohùn Bàbá Harlan Lẹ́nu Mi

Ilé Àǹtí Verna,
Lander, Wyoming.
14 Oṣù Kẹwàá, 2018.

Dena, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Màmá ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Àbúrò rẹ ńkọ́, ṣé ó ṣì ń gbó bí ajá bí mo ṣe kọ́ ọ? Bí ara gbogbo yín bá le, inú mi dùn. Èmi náà wà láàyè. Bí o bá rí i pé ìwé yìí rí wúruwùru ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, má ṣe rò pé ilé ẹ̀kọ́ tí n kì í lọ ló fà á. Ẹ̀rù ni.

O ṣáà mọ iṣẹ́ ọwọ́ Àǹtí Verna, àbúrò bàbá mi tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Wọn kì í ra ọta ìbọn lọ́jà. Inú gáréèjì ni wọ́n ti ń ṣe tiwọn: wọ́n á wọn ẹ̀tù lórí òṣùwọ̀n kékeré, wọ́n á dà á sínú ìkarahun idẹ, wọ́n á fi ojú ọta dé e. Wọ́n á yin mẹ́ta, wọ́n á wo ibi tó bà, wọ́n á tún fi ẹ̀tù kún un tín-ín-tín, bí ẹni tó ń fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ ríru. Láti oṣù kẹfà ni wọ́n ti ń wá èyí tí yóò máa ba ojú kan náà ní máìlì kan gbáko. Tí ọwọ́ irin ẹ̀yìn ìbọn bá ti ṣagídí, tí kò fẹ́ ṣí lẹ́yìn tí wọ́n yìn ín, wọ́n á dúró, wọ́n á dín in kù. Agídí yẹn ni àmì pé ẹ̀tù ti fẹ́ pọ̀ jù. Ẹni tí kò bá dá a lóhùn, ìbọn lè fọ́ mọ́ ọn lójú.

Bàbá Harlan ló kọ́ wọn níṣẹ́ náà ní ogójì ọdún sẹ́yìn. Ilé àwọn arúgbó ní Casper ni bàbá náà wà báyìí, orí fóònù ni wọ́n ti ń gba Àǹtí nímọ̀ràn. O mọ ohùn wọn, bíi táyà tó ń gun orí òkúta wẹ́wẹ́, wọ́n á sì húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. O rántí bí mo ṣe fi ohùn náà béèrè búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ títí mílíìkì fi gba imú rẹ jáde.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, bí eré bí eré, mo lọ sí ilé epo, mo fi fóònù ibẹ̀ pe Àǹtí. Mo húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

"Verna, ẹ̀tù tó ò ń dà yẹn, ṣé fún ológoṣẹ́ ni? Ojo ni ẹ́ jàre! Fi kún un, kó o tún fi kún un. Tí ọwọ́ irin yẹn bá ṣagídí, má dá a lóhùn. Ìbọn tuntun ni, ìyangà ló ń ṣe."

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn, ata lásán ni mo fi sí i. Mò ń retí kí wọ́n pariwo pé, "Josie, ìwọ ọmọ ọ̀bọ yìí!" kí àwa méjèèjì sì rẹ́rìn-ín. Ńṣe ni wọ́n ní, "Ó dáa, sà. Ẹ ṣeun, sà." Wọ́n gbé fóònù sílẹ̀.

Kí n tó délé, wọ́n ti jókòó ti òṣùwọ̀n. Nígbà tó yá, mo yọjú wo ìwé tí wọ́n ń kọ iṣẹ́ sí. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà: "Harlan ní kí n fi kún un." Ogún ọta ló tò sínú páálí, tó ń dán.

Wàá ní kí ló dé tí mi ò jẹ́wọ́. Ṣé o ti gbàgbé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí mo fi ohùn ọ̀gá ọlọ́pàá pè wọ́n, tí wọ́n wa ọkọ̀ ní ogójì máìlì lórí asán? Wọ́n búra pé irú ẹ̀ kan sí i, mo kúrò nílé wọn nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu bí òkúta. Lọ́jọ́ Ẹtì, níbi tí a ti ń jẹun, mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yin àwọn ọta yẹn."

Wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ta ló rán ẹ báyìí? Ṣé ọ̀gá ọlọ́pàá náà ni?"

Mo rẹ́rìn-ín ẹ̀tàn, mo gbé ẹran àgbọ̀nrín mì láìrún un.

Sátidé, àná, ni a lọ sí pápá. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ sórí ẹní, wọ́n yin àkọ́kọ́. Ọwọ́ irin náà kọ̀, kò ṣí. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a, gbà! gbà! kó tó gbà. Ìkarahun rẹ̀ já bọ́ sẹ́bàá ẹsẹ̀ mi, àpá kan sì ń kọ mànà nídìí rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fi èékánná ha á.

"Àǹtí, ẹ dúró!"

"Josie, gbẹ́nu ẹ dákẹ́. Ìyangà ló ń ṣe."

Dena, ọ̀rọ̀ mi gan-an, lẹ́nu wọn! Wọ́n ti èkejì wọlé. Wọ́n gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ìdí ìbọn. Wọn ò ní gbà mí gbọ́, kò sí bí mo ṣe lè ké tó. Mi ò mọ ìgbà tí mo húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

"Verna. Gbé ìbọn yẹn sílẹ̀."

Ìka wọn dúró. Wọ́n yíjú padà, wọ́n ń wá arúgbó lẹ́yìn wọn. Èmi nìkan ni wọ́n rí, tí omijé ń bọ́ lójú mi. Wọ́n wo ẹnu mi títí. Mo rí i nígbà tí ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yé wọn. Wọ́n yọ ọta náà, wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ọ̀tún, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.

Nígbà tí a délé, wọ́n gbé òòlù tí wọ́n fi ń tú ọta lé mi lọ́wọ́. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni mo tú mọ́kàndínlógún náà. Wọn ò ní kí n di ẹrù mi, wọn ò sì ní kí n má dì í.

Nírọ̀lẹ́, fóònù dún. Kí Àǹtí tó gbé e, ojú mi ni wọ́n kọ́kọ́ wò. Mo fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Wọ́n gbé e.

"Ẹ má bínú, sà," ni Àǹtí wí. "Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ jókòó sídìí iṣẹ́ yìí, kí lẹ sọ fún mi?"

Mo gbọ́ ikọ́ méjì láti ibi tí mo wà. "Verna? Ṣé kò sí o? Mo ní bí ìbọn bá ń bá ẹ jà, tirẹ̀ ni kó o gbọ́ kó o tó gbọ́ tèmi."

Àǹtí kọjú sí ògiri, èjìká wọn ń mì. Láti ogójì ọdún, wọn ò fi ìbéèrè dán bàbá yẹn wò rí kí wọ́n tó gbà pé òun ló ń sọ̀rọ̀.

Bá mi kí Màmá. Sọ fún àbúrò rẹ kó má gbó mọ́. Má pe ilé wa o. Ìwé ni kó o kọ.

Èmi ni, ní ohùn ara mi,
Josie.