Àbẹ́là Tí Mo Fi Ra Irin Sáfà

Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, mo ti dá nìkan ru ìtì ìrókò láti sọ́míìlì Ìjẹ̀bú-Igbó dé Ìbíadé, láìsọ̀ ọ́ rárá, mo sì ń jẹ àgbàdo sísun lọ lójú ọ̀nà. Ẹni tí kò bá gbà á, kó lọ bi ìrókò náà. Mo kọ́kọ́ sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ẹni tí mo jẹ́, torí mo mọ ẹnu yín lórí pèèjì yìí, ẹ ò ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀ èébú... Ádímììnì, má fi orúkọ mi síta o. Ọ̀rọ̀ kan ń bí mi nínú, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kà á gan-an ń bí mi nínú.

Káfíńtà ni mí. Àádọ́ta ọdún ni mo ti ń ṣe dúrọ́ọ̀ àti kọ́bọ́ọ̀dù. Lóṣù tó kọjá, ọ̀gá kan pè mí sí Àgó-Ìwòyè, níbi tí àwọn ọmọ ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò, pé kí n wá fi pákó dínà àárín wọn kí wọ́n má baà máa wo iṣẹ́ ara wọn. Ọ̀gá yìí, ikùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọlé, òun á wá tẹ̀ lé e. Sáfà kan ń bẹ níbẹ̀, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tó ń pàṣẹ fún gbogbo kọ̀ǹpútà yòókù. Wọ́n tì í sínú kọ́bọ́ọ̀dù onírin, irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ló gbé e lọ́tùn-ún lósì, òun ni wọ́n fi ń fà á jáde tí wọ́n fi ń tì í padà. Ẹ sọ òótọ́, kí ni ìyẹn? Dúrọ́ọ̀ ni! Dúrọ́ọ̀ tí wọ́n fún lórúkọ òyìnbó!

Ọmọbìnrin kan ló ń tọ́jú ẹ̀, ẹ jẹ́ ká pè é ní Ráṣídá. Lọ́jọ́ kan ó fa sáfà yìí, ó dé ìdajì, ó há. Mo dúró sẹ́yìn ẹ̀, mò ń wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò lọ́tùn-ún lósì, ó ní irin apá òsì fi ihò kan ga ju ti ọ̀tún lọ. Ó tú síkúrúù, ó sọ̀ ọ́ sí ihò tó yẹ, ó dè é padà, ó tì í... gẹ̀rẹ̀rẹ̀! Inú bí mi. Èmi náà ti rí i, mi ò kàn tíì sọ ni. Mo ní kó jẹ́ kí n fi àbẹ́là ra á díẹ̀, torí kò sí káfíńtà tí kò mọ̀ pé àbẹ́là ni oúnjẹ dúrọ́ọ̀. Ẹ wá gbọ́ ohun tí ọmọ yìí sọ sí mi! Ó ní, "Baba, this one no be àpótí aṣọ o, ẹ lọ jókòó jẹ́jẹ́." Èmi! Ọmọ tí mo lè bí ìyá ẹ̀! Ṣé ẹ̀yin ò ní bínú? Ẹ dáhùn, ṣé ẹ ò ní bínú?

Bó ṣe lọ kírun Alásárì báyìí, mo yọ kùkùté àbẹ́là ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lápò mi, mo tẹ ahọ́n irin kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sáfà bí mo ṣe rí i tó ń tẹ̀ ẹ́, mo fà á jáde, mo ra àbẹ́là sí irin méjèèjì, sára àwọn bọ́ọ̀lù wẹ́wẹ́ tó ń yí nínú ẹ̀, tòun ti ìyẹ̀fun pákó tó kún ọwọ́ mi. Mo tì í padà, mo rẹ́rìn-ín. Àṣé ooru ẹ̀rọ ń yọ́ àbẹ́là yẹn, afẹ́fẹ́ tútù inú yàrá ń mú un dì, òun àti ìyẹ̀fun pákó di sìmẹ́ǹtì... Ọjọ́ ìdánwò gan-an, sáfà dákẹ́. Wáyà kan ló tú lẹ́yìn ẹ̀, kí wọ́n ṣáà fà á jáde kí wọ́n ti wáyà náà bọ̀ ọ́ padà ni. Kò jáde. Ráṣídá fà á títí omi bọ́ lójú ẹ̀, ọ̀gá náà fà á títí bọ́tìnnì ẹ̀wù ẹ̀ fi já, kò jáde. Àwọn ọmọ jókòó bí ẹni ń ṣọ́ òkú, ìyá kan láti Òrù ń lérí níta pé òun á da ilé náà wó. Ọ̀gá bèèrè ẹni tó fọwọ́ kan irin yẹn gbẹ̀yìn. Kí n tó mọ̀, ẹnu mi ti là... mo ní mo rí Ráṣídá tó ń fi hámà lù ú.

Ọmọ náà wò mí. Ọ̀gá ní kó máa lọ sílé, kó padà wá gba ìwé gbélé-ẹ lọ́jọ́ Ajé. Iṣẹ́ yìí ló fi ń bọ́ ìyá ẹ̀ ní Ìbíadé, tí kò lè yan ẹja mọ́. Kẹrosíìnì lásán ló máa fọ àbẹ́là yẹn kúrò o! Ṣùgbọ́n hámà ni wọ́n ń rò, wọ́n ti gbà pé irin ti tẹ̀, ta ló máa sọ fún wọn pé àbẹ́là ni, bí kì í bá ṣe èmi? Bí mo bá sì sọ ọ́, gbogbo Ìjẹ̀bú-Igbó á gbọ́ pé dúrọ́ọ̀ ló dójú tì mí. Lẹ́yìn àádọ́ta ọdún! Kí ni kí n ṣe? Ṣé ọ̀gá ni kí n kọ́kọ́ lọ bá, àbí ọmọ náà? Ojú wo ni màá fi wò ó? Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, kó gbà mí nímọ̀ràn ná, kó tó bú mi.

Ó ku ibì kan. Irọ́ ni ti ìrókò, ẹ ti mọ ìyẹn. Irọ́ ni ti hámà, mo ti sọ ọ́. Èyí tí ẹ ò mọ̀ ni pé ọmọ náà ò bú mi. Òkè yẹn ni mo ti hun èébú yẹn, bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí lọ, kí ẹ lè bá mi bínú sí i. Ó kúnlẹ̀ ni. Ó gbé àga wá fún mi. Ó ní, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, irin yìí ní epo tiẹ̀, àbẹ́là máa dì mọ́ ọn lára. Ohun tó sọ gẹ́lẹ́ nìyẹn.