Dígí Ọkọ̀ Yín Ti Dákẹ́

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú àìfojúkanra o. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lẹ sọ mí ní Aláròyé, Aláròyé ò sì lè ní ìròyìn nínú kó sùn. Dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ yín, ti ọwọ́ ọ̀tún tó ti ń mì láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, mo ti tún un ṣe. Èmi fúnra mi ni! Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín.

Ẹ rántí bó ṣe máa ń ṣe. Tí a bá ti kúrò ní Inísà, tí títì bẹ̀rẹ̀ sí í rí gbágungbàgun lọ́nà Òkukù, á bẹ̀rẹ̀: gbọ̀gbọ̀gbọ̀, gbọ̀gbọ̀gbọ̀, bí eyín ẹni tí òtútù ń mú. Ẹ ó kàn yọ́ Màámi wò, Màámi á na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, wọ́n á di dígí náà mú kí ẹ lè rí ẹ̀yìn. Tí ẹ bá ti rí ohun tí ẹ fẹ́ rí, ẹ ó mi orí, wọ́n á kó ọwọ́ wọlé. Èmi tí mo wà lẹ́yìn, mo rò pé bí gbogbo ìyàwó ilé ṣe ń wọkọ̀ nìyẹn.

Àti orúkọ tí Màámi sọ ọkọ̀ náà! Ó ti wà nílé yín kí ẹ tó gbé Màámi níyàwó, ìyàwó kì í sì í pe ẹni tí ó bá nílé ọkọ lórúkọ, ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Ìyáálé. Láràárọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ kí yín, wọ́n á wá jáde lọ kí Ìyáálé wọn kú ojúmọ́. Àwọn ará àdúgbò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn.

Bàbá mi, lẹ́yìn tí a sin yín, Màámi ò kí Ìyáálé mọ́. Ó dùn mí wọra. Tí wọ́n bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á fẹsẹ̀ rìn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, wọ́n á wo ibòmíràn. Wọn ò wọ̀ ọ́, wọn ò sì wọ ọkọ̀ ẹlòmíràn. Ìyá Òkukù, ẹ̀gbọ́n wọn tí orúnkún ò jẹ́ kí wọ́n lè rìn mọ́, ń pè lórí fóònù ṣáá pé ojú àbúrò àwọn ń wu àwọn í rí. Màámi á ní àwọn ń bọ̀. Ìbọ̀ wo? Ẹsẹ̀ wọn ò kúrò ní Inísà. Ẹ̀rù wá ń bà mí pé inú ilé yẹn ni wọ́n máa jókòó sí títí tí àwọn náà á fi... Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, mi ò ní parí ọ̀rọ̀ yẹn.

Mo wá rò ó pé bóyá dígí ni. Bóyá wọn ò fẹ́ jókòó síbẹ̀ kí ó máa mì, kí ẹ má sì sí níbẹ̀ láti yọ́ wọn wò. Ni mo bá gbé gúlúù dé. Mo lẹ̀ ẹ́, ó le gbagidi! Ìgbà tí mo jókòó sídìí ọkọ̀ ni mo tó rí i pé ojú ọ̀run ni mo kọ dígí sí. Òkè igi máńgòrò nìkan ni mo ń rí. Tó bá jẹ́ ẹyẹ ló fẹ́ yà mí sílẹ̀ lójú títì, mo ti rí i tipẹ́. Ihò àkọ́kọ́ tí mo kó sí lọ́nà Ìkìrun, gúlúù já, gbọ̀gbọ̀gbọ̀ tún bẹ̀rẹ̀.

Mo ní bóyá nọ́ọ̀tù rẹ̀ ló ti gbó, ni mo bá ra tuntun ní Ìkìrun náà. Mo délé, mo tú inú ilẹ̀kùn ọkọ̀, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di hàà. Nọ́ọ̀tù kan ni kò sí níbẹ̀, ihò rẹ̀ ṣófo. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń tún rédíò gbogbo àdúgbò ṣe, tí àga kì í mì nílé yín di ọjọ́ kejì! Ṣé ẹ ò rí i ni? Àbí ẹ rí i, ẹ kàn fẹ́ kí ọwọ́ Màámi máa jáde? Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́, mi ò mọ̀ bóyá kí n dè é tàbí kí n fi í sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n tírélà pọ̀ lójú ọ̀nà yẹn, èmi kì í sì í ṣe ẹ̀yin. Mo pe Màámi, torí ẹnì kan gbọ́dọ̀ di dígí mú níta kí n tó lè dè é nínú. Wọ́n ń bó ẹ̀gúsí lọ́wọ́. Wọ́n wò mí, wọ́n wo ọkọ̀, ó pẹ́ kí wọ́n tó dìde. Wọ́n nu ọwọ́ lára ìró, wọ́n wá. Kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, wọ́n tẹ orúnkún ba, wọ́n kí Ìyáálé wọn kú ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n sì bá a kẹ́dùn pé ọkọ àwọn méjèèjì ló lọ. Háà, Bàbá mi! Mo fi ojú pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ń sunkún, mo ń yí sípánà.

Lánàá, lẹ́yìn ìsìn, a lọ sí Òkukù. Màámi jókòó níwájú, láyè wọn. Dígí dákẹ́ rọ́rọ́. Nígbà tí a dé ibi tí títì ti máa ń burú, mi ò mọ ìgbà tí mo yọ́ wọn wò. Wọ́n na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, wọ́n di dígí tí kò mì mọ́ náà mú. Mo wo inú rẹ̀, mo rí ọ̀nà Inísà lẹ́yìn wa, mo rí ìka Màámi létí rẹ̀ pẹ̀lú òrùka yín. Mo mi orí bí ẹ ṣe máa ń ṣe.

Wọn ò kó ọwọ́ wọlé títí a fi dé ẹnu ọ̀nà Ìyá Òkukù.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín,
Aláròyé, awakọ̀ Ìyáálé.