Ohun tí Ọmọ Inú Tẹlifísọ̀n Ṣe ní Akron

Akron, Àjàṣẹ́

Pélagie ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Kùtọnù? Ṣé iṣẹ́ kò le jù? Ara mi le, orúnkún nìkan ló ń rán mi létí ọjọ́ orí. Ọlọ́run tó mú ọ dé ibẹ̀ kò ní jẹ́ kí ọ̀tá rí ọ mú. Èmi fúnra mi ni mo kọ lẹ́tà yìí, nítorí náà má wo bí ìlà rẹ̀ ṣe wọ́.

Gbadamassi aránṣọ, ará ẹ̀yìnkùlé wa, ti ra tẹlifísọ̀n. Ọkùnrin tó ń ka ìròyìn máa ń kí wa dáadáa, èmi náà a sì kúnlẹ̀ dá a lóhùn, ṣùgbọ́n kò béèrè ará ilé rí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni eré tí o ní ìwọ lò ń fi ẹ̀rọ tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ síwèé máa ń dé, ti Abíọ́dún, ọmọ ilé ìwé tó kú sómi tó sì padà wá jókòó ní kíláàsì. Ẹni tó bá ń purọ́, yóò lọ dúró sẹ́yìn rẹ̀, òtútù a sì mú onítọ̀hún títí yóò fi jẹ́wọ́. Ọmọ náà ní ẹ̀kọ́. Ó kú tán, ó ṣì ń kí àgbà.

Lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ó dúró sẹ́yìn ọ̀gá ilé ìwé kan tó ń ta ìwé àwọn ọmọ. Lọ́jọ́ kejì, Kamarádì Hilaire, délégué tí ìjọba fi ṣe olórí àdúgbò wa, kó wa jọ sílé Gbadamassi. Ó ní fìlà ọ̀gá yẹn jọ tòun, ó ní eré náà ń bú ìjọba Refolúsíọ̀n, òun yóò kọ̀wé sí Kùtọnù kí wọ́n mú gbogbo ẹni tó lọ́wọ́ sí i. Mo rántí pé ọwọ́ rẹ wà níbẹ̀. Ó bi wá pé kí ni eré náà sọ fún wa.

Mo dìde. Mo ní èmi ò mọ òṣèlú, ohun tí mo rí ni mo mọ̀. Mo ní Kouboura tó jókòó yìí ti mú Mouïnatou ọmọ rẹ̀ kúrò ní ilé ìwé kó lè máa bá a ru ẹrù lọ sí Kraké ní ibodè, àmọ́ nígbà tó wo eré yìí tán, ó fà á lọ́wọ́ padà síbẹ̀. Kouboura náà dìde, ó ní òótọ́ ni, ó ní ojú ti òun pé ọmọ tó kú ń lọ sí ilé ìwé, tòun tó wà láàyè ń ru gààrì.

Kamarádì ya ìwé tó ti ń kọ sí Kùtọnù, ó ní irú ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni Refolúsíọ̀n ń wí. Ó wá rọra bi Gbadamassi bóyá àyè wà fún òun láti wá wo eré náà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

Ọmọ mi, o káre. Ì báà jẹ́ òṣèlú, ì báà jẹ́ ẹ̀kọ́, ó ti wọ ilé Kouboura. Bá mi kí Abíọ́dún, sọ fún un pé kó máa sinmi.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní di ìtìjú fún ọ, ìwọ náà yóò bí ọmọ tí yóò kọ lẹ́tà sí ọ. Bí owó bá wà, fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi kan àga gbọọrọ kan. Èmi àti Kamarádì la jọ ń jókòó lórí àpótí kan báyìí, ó sì sanra.

Èmi ni ìyá rẹ,
Òkunọlá