Ojú Ìwé Tí Mo Fẹ́ Fò

Ọjọ́ Àìkú, 5 Oṣù Kẹwàá
Àwọn ará ìjọ gbé ọsàn ọjà Zuba wá kí Màmá, ìyá ọkọ mi. Oṣù kẹrin rèé tí rọpárọsẹ̀ ti kọlù wọ́n: apá ọ̀tún kú, ọ̀rọ̀ ò jáde lẹ́nu mọ́. Mo jókòó tì wọ́n lórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń ròyìn fún àlejò. Mo ní, "Wọn ò mọ nǹkan kan mọ́. Bí ọmọ ọwọ́ ni. Orí ibùsùn yìí náà ni wọ́n ń tọ̀ sí." Àwọn àlejò ní mo kú ìtọ́jú, pé ìyàwó bíi tèmi ò wọ́pọ̀. Ó dùn mọ́ mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11
Ẹgbẹ́ ìwé-kíkà, nílé Lateefah ní Gwarinpa. Nínú ìwé tí à ń kà, ìyá kan tí àìsàn ti gba ohùn lẹ́nu ẹ̀ ló ń ro ìtàn ara ẹ̀ lọ́kàn. Háà, mo sunkún! Wọ́n ń na tíṣù sí mi lọ́tùn-ún lósì. Lateefah ní, "Fèyí, ìwọ lo láàánú jù nínú gbogbo wa." Èmi ni wọ́n ní kí n ka orí keje fún wọn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 13
Màmá tu ògì sí mi láṣọ. Mo jágbe mọ́ wọn.

Ọjọ́rú, 15
Ooru Karmo àdúgbò wa yìí — yàrá Màmá nìkan ni atẹ́gùn ń wọ̀. Ibẹ̀ ni mo jókòó sí, mo ń ka orí keje sókè láti fi kọ́ra. Mi ò kà á fún wọn o. Mo kàn ń ka tèmi ni.

Ni mo bá kan ibi tí àlejò dé bá ìyá inú ìwé. Ìyàwó ọmọ ẹ̀ ní, "Wọn ò mọ nǹkan kan mọ́." Ìyá náà sì ń gbọ́. Mo ṣí ìwé síwájú, mo bá ibòmíràn lọ.

Màmá fi ọwọ́ òsì gbá bẹ́ẹ̀dì. Mo ṣebí kòkòrò ni wọ́n ń lé. Mo ń kà lọ. Wọ́n tún gbá a — gbì! Ìwé ọwọ́ mi ni wọ́n tẹjú mọ́.

Mo ṣí i padà. Mo kà á tán, gbogbo ẹ̀. Omi ń bọ́ lójú wọn. Èmi tí mo sunkún nílé Lateefah, n ò rí ẹyọ omijé kan.

Ọjọ́bọ̀, 16
Tẹ́lẹ̀, láràárọ̀ ni mo máa ń kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n á ní, "Àníkẹ́ mi, o jíire?" Látìgbà tí ohùn ti lọ, mo kàn ń já wọlé ni, mo ń fa kọ́tìnnì. Ṣebí kò sẹ́ni tó máa dáhùn. Ojú tì mí. Ojú tì mí gan-an. Mo kúnlẹ̀ lónìí. Ògiri ni wọ́n kọjú sí.

Ọjọ́ Ẹtì, 17
Mo kúnlẹ̀. Ògiri.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18
Mo ní kí Lateefah wá ẹlòmíràn tó máa kàwé. Ó ní ìrẹ̀lẹ̀ mi yìí ló ń wú òun lórí. Kai!

Ọjọ́ Àìkú, 19
Ará ìjọ tún dé. Alàgbà Hezekiah bi mí bóyá Màmá ti ń dá èèyàn mọ̀. Mo ní, "Ẹ bi Màmá fúnra wọn, sà. Wọ́n ń gbọ́ yín." Ó pariwo sí wọn bí ẹni ń pe ará òdìkejì odò: "Màmá! Ṣé ẹ̀ ń gbọ́ wa?"

Ètè wọn gbọ̀n. Ó pẹ́. "Mo... mo gbọ́."

Halelúyà gba yàrá kan! Ọkọ mi fọwọ́ bojú, ó ń sunkún. Wọ́n dá orin ọpẹ́.

Màmá ò wo alàgbà. Wọn ò wo ọmọ wọn. Èmi ni wọ́n ń wò, lórí bẹ́ẹ̀dì, níbi tí mo jókòó sí lọ́jọ́ tí ará ìjọ gbé ọsàn wá lọ́hùn-ún, títí orin fi parí.