Wọ́n Ní Kí Mama Jude Gbé Ọmọ Rẹ̀ Lọ sí Yàbá

Ìbòkun,
Ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn.

Òkìkíọlá ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ooru Ìpọ̀nrí, mo sì kí ọ kú ìfaradà ẹni tó ń sùn tí ọkàn rẹ̀ kì í sùn. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọ láti kékeré kò ní gbàgbé ojúlé rẹ nítorí pé ilé pọ̀ ní Súrùlérè. Àwa náà wà dáadáa, orókún mi nìkan ni kò gbọ́ràn, ewúrẹ́ wa bí ìbejì, wọ́n sì ti fi mí ṣe olórí kíláàsì ní ilé-ẹ̀kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àwọn àgbà níbi tí mo wà ní ọdún kìn-ín-ní, kì í ṣe pé mo mọ̀wé jù wọ́n lọ, èmi ni mo kàn dàgbà jù. Èmi fúnra mi ni mò ń kọ lẹ́tà yìí. Tíṣà Akínyẹlé tó ń kọ́ wa sọ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló yẹ kó wà nínú ìpínrọ̀ kan, ẹ̀rù sì ti ń bà mí, nítorí mo rí i pé ewúrẹ́ àti orókún ti wọ inú ẹyọ kan. Bí o bá rí àmì ohùn tó dúró síbi tí kò yẹ, bá mi gbé e síbi tó yẹ, má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Mo rí eré tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi. O ní kí n wò ó tán kí n tó bá ọ sọ ọ̀rọ̀ Ayọ̀kànmí àbúrò rẹ, kí n fojú ara mi rí ohun tí oògùn tí wọ́n ń mu yẹn, kólò, ń sọ ọmọ dà, kí n sì sọ èrò mi, nítorí pé bí oṣù yìí bá parí o ó lé e jáde nílé rẹ. Mo wò ó. Mo rí bí Jude ṣe ta jẹnẹrétọ̀ ìyá rẹ̀, bí o ṣe ní Ayọ̀kànmí ta sílíńdà gáàsì rẹ. Mo rí bó ṣe tẹ̀ lé àwọn olè lọ, tí Mama Jude fi í pamọ́ sẹ́yìn fìríìsà, tó sì ń sọ fún ọlọ́pàá pé ọmọ òun wà ní Kútọnu. Mo rí Purity ẹ̀gbọ́n Jude tó lọ fẹjọ́ sùn, tó sì pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilé. Mo sunkún débi pé mo gbé orúkọ Jude lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo ní kí wọ́n bá mi gbàdúrà fún ọmọ kan ní Èkó tí ọlọ́pàá ń wá. Lẹ́yìn ìsìn ni Tíṣà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní eré ni, pé ọmọ náà ti gba owó iṣẹ́ rẹ̀, ó ti lọ sílé. Mo dúpẹ́ pé ó lọ sílé. Mo wá bi í pé ilé ta ni.

Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ eré náà ló kó ìdààmú bá mi. Mi ò mọ̀ pé o ti pe ìpàdé ẹbí. Èèyàn tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju àwọn tó wá síbi ìsìnkú bàbá rẹ lọ, gbogbo wọn ló sì ń sọ èrò wọn. Wọ́n ní kí n tẹ aago kan, mo tẹ̀ ẹ́, mo sì dúró, ẹnikẹ́ni ò jáde. Ẹnì kan kọ ọ́ pé òun lòun kọ́kọ́ dé, mo yìn ín pé ó mọ àsìkò, àmọ́ kò sọ nǹkan kan mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Gbádé ń sọ lábẹ́ ọ̀rọ̀ gbogbo èèyàn pé òun ń ta bátìrì sólà, kí a pe òun. Irú rẹ̀ kì í wọ́n nínú ìpàdé ẹbí tiwa náà. Àwọn mìíràn ń pariwo pé apá kejì dà, apá kejì dà, bí ẹni pé wàhálà tó wà ní apá kìn-ín-ní ò tó wọn.

Obìnrin kan ní kí Mama Jude ju ọmọ náà síta, pé bó bá jẹ́ òun ni, òun á ti gbàgbé pé òun bí i. Lábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí ni mo ti rí àtàǹpàkò kan tó nà sókè, wọ́n sì kọ iye kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó ju ẹgbẹ̀rún lọ. O mọ̀ pé àtàǹpàkò ni mo ń tẹ̀ sórí ìwé ní gbogbo ayé mi, kí Tíṣà tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ mi lọ́dún yìí. Mo rò pé gbogbo àwọn èèyàn yẹn ti tẹ̀ka sí i pé kí a lé ọmọ, pé ó ti di ìwé òfin nìyẹn. Mo sáré lọ bá Tíṣà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kì í ṣe ìtẹ̀ka, ó ní wọ́n kàn fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà ni. Ìyẹn wá burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹni tó tẹ̀ka lè má mọ ohun tó wà nínú ìwé.

Mo bá pinnu pé n ó dá wọn lóhùn níkọ̀ọ̀kan. Mo ń kí wọn ná, mo ń bèèrè ilé wọn, kí n tó sọ pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé ọmọ. Ẹnì kan ní Ìyá àgbà, ẹ lọ sinmi. Ẹlòmíràn bi mí pé ṣé èmi ni lọ́yà Jude ni, mo ní rárá o, ọdún kìn-ín-ní ni mo wà.

Ẹni tó bí mi nínú jù ni Fadilah tó ní Mushin lòun ń gbé. Ó kọ ọ́ pé Mama Jude, ẹ tètè gbé ọmọ yín lọ sí Yàbá kó tó pa yín. Ìwọ náà mọ ohun tí Yàbá jẹ́ lẹ́nu wa níbí. Bí àwọn ọmọ bá ń jà nídìí ẹ̀rọ omi, Yàbá ló yẹ ọ́ ni wọ́n fi ń parí èébú. Mi ò lè jẹun. Mo kọ̀wé sí i, mo kí i, mo ní ọmọ mi kì í ṣe wèrè, pé nígbà tó pè mí lọ́dún Àjíǹde, ó bèèrè orókún mi kí n tó dárúkọ rẹ̀. Ó dá mi lóhùn pé ẹ jọ̀ọ́ mà, Jude inú eré ni mò ń bá wí, àbí ẹ̀yin náà ní Jude nílé ni?

Òkìkíọlá, mo wo ìbéèrè yẹn títí. Mo fẹ́ kọ rárá. Mo ti kọ ìdajì rẹ̀ tán, ọwọ́ mi ò lọ mọ́. Mo pa á rẹ́, mo kọ bẹ́ẹ̀ ni.

Ìgbà náà ni Fadilah wá bá mi sọ̀rọ̀ bí ọmọ. Ó ní kí n má bínú, òun ò fi bú ẹnikẹ́ni. Ó ní kólò ló mú Àbdùlsàmàd ẹ̀gbọ́n òun náà, tí wọ́n fi gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Yàbá, kì í ṣe pé ó ya wèrè, wọ́n ní dókítà níbẹ̀ fún ẹni tí oògùn bá ti di ọ̀gá rẹ̀ ni. Ó ní wọ́n máa ń pe ìyá àti ẹ̀gbọ́n ẹni tó ń gba ìtọ́jú jókòó pẹ̀lú, kí gbogbo ilé lè gbọ́. Ó ní Àbdùlsàmàd ṣubú padà lẹ́yìn tó jáde, wọ́n sì tún gbé e lọ. Ó ti ń rán àga mọ́tò ní Pápá Àjàó báyìí, ó sì máa ń bú Fadilah bí ọbẹ̀ ò bá dùn. Fadilah ní ibẹ̀ lòun ti mọ̀ pé ara rẹ̀ ti ń yá. Ó wá kìlọ̀ fún mi pé kí n má fi owó lé ọmọ lọ́wọ́, kí n má sì purọ́ bò ó.

Nítorí náà, èrò mi lórí eré náà nìyí. Mama Jude ò ṣe dáadáa, irọ́ tó ń pa ló jẹ́ kí ọmọ náà pẹ́ nínú òkùnkùn. Purity ṣe dáadáa tó sọ òótọ́. Kọ́kọ́rọ́ tó pààrọ̀ ni mi ò fara mọ́, nítorí níbi tí eré ti fẹ́ parí, Jude padà wá, ó fẹ́ sọ pé òun ti ṣetán, kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ rẹ̀ ò sì ṣí ilẹ̀kùn. Mo mọ̀ pé ó ti rẹ̀ ọ́, ọmọ mi. Ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ, gbé sílíńdà tuntun lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò, n kò ní bínú. Ilẹ̀kùn ìta nìkan ni kí o má tì mọ́ ọn.

Mo ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. N ó bi Ayọ̀kànmí lójúkojú pé ṣé ó fẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn yẹn, nítorí Fadilah ní ẹni tí wọ́n bá tàn lọ kì í dúró. Bó bá kọ̀, n ó tún bi í lọ́jọ́ kejì. Bó bá gbà, àwa mẹ́ta la jọ ń lọ. Bí àwọn ará ilé yín bá sì bi ọ́ pé níbo, má sọ pé Kútọnu, sọ pé Yàbá. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán.

Jọ̀ọ́, fi owó mọ́tò ránṣẹ́ sí mi, ṣùgbọ́n fi rán ẹni tó ń bọ̀ wálé, má fi sínú fóònù. Tíṣà ní fóònù mi ti kún, mi ò mọ̀ bóyá owó náà á ríbi jókòó.

Ó ku ẹyọ kan. Ayọ̀kànmí ni kó wá pàdé mi ní gáréèjì Ìdó, òun nìkan. Mo mọ ohun tí o fẹ́ sọ. N ó gbé kéègì epo pupa dání, òun ni n ó sì gbé e fún kó bá mi rù ú, n ó máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn. Bó bá gbé e sá lọ tà, a ó jẹ ìrẹsì funfun lọ́jọ́ náà, n ó sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ títí yóò fi wọlé. Epo kọ́ ni mo tìtorí rẹ̀ wá sí Èkó.

Olúwa yóò fún ọ lókun, yóò tù ọ́ nínú, yóò sì fi ẹ̀yin méjèèjì sílẹ̀ fún ara yín nígbà tí mi ò bá sí mọ́. Sọ fún un pé mo ní kó jẹun kó tó jáde wá.

Èmi ni ìyá rẹ,
Gertrude.