Bàbá Olúsànmí Ọláfimíhàn, Eléèédú Tó Bẹ̀rù Iná (1957–2025)

Ọdún 1957 ni wọ́n bí Bàbá wa, Olóògbé Olúsànmí Ọláfimíhàn, ní Atosin, Ìdànrè. Ọmọ́yẹlé Ọláfimíhàn, àgbẹ̀ kòkó, ni bàbá wọn. Ọlọ́runyọmí, ọmọ Aládé, ni ìyá wọn. A kò ní yin Bàbá ju bí wọ́n ṣe rí lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ la fẹ́ sọ.

Wọ́n wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1964, wọ́n ka ìwé kẹfà parí ní 1970, ìwé sì tán síbẹ̀. Wọ́n tẹ̀lé bàbá wọn lọ sóko. Ní oṣù kejìlá ọdún 1983, wọ́n gbé Màmá wa, Joanna, ọmọ Ofosu, níyàwó nínú ìjọ Aládúrà tí àwọn méjèèjì ń lọ. Ọlọ́run fún wọn ní ọmọ mẹ́ta.

Ní 1991, Olúlékè, ará Ṣakí tó wá ń dáko kòkó lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko wọn, kọ́ Bàbá ní èédú sísun. Wọ́n á to igi gbígbẹ jọ bí òkìtì, wọ́n á fi ewé tútù bò ó, wọ́n á fi iyẹ̀pẹ̀ bo ewé, wọ́n á sì ti iná bọ̀ ọ́ láti ojú ihò kan. Igi náà kò gbọdọ̀ rí afẹ́fẹ́ tó. Bí iyẹ̀pẹ̀ bá sán, iná á jáde, gbogbo iṣẹ́ á di eérú, oko ẹlòmíràn á sì bá a lọ. Nítorí náà, ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà nídìí òkìtì títí èéfín rẹ̀ á fi dá. Èédú Bàbá dára. Bí ẹ bá fi ọ̀kan lu èkejì, á dún bí ìgò. Àwọn tó ń sun ẹja àti ẹran ní Àkúrẹ́ ló ń wá a wá.

Ṣùgbọ́n èédú máa ń purọ́. Á tutù lójú, iná á ṣì wà nínú rẹ̀. Òfin Bàbá ni pé kí èédú wà nílẹ̀ gbalasa fún ọjọ́ mẹ́ta kó tó wọ àpò. Ní oṣù kìíní ọdún 2017, Happiness, tó ń sun ẹja tà ní Àkúrẹ́, wá ń kán wọn lójú.

"Bàbá, ọjọ́ mẹ́ta? Ṣé èédú lẹ sun ni àbí òkú lẹ tẹ́?"

Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbà fún un. Wọ́n dì í ní ọjọ́ kejì, wọ́n to àpò mẹ́fà sí yàrá ẹ̀yìn de ọkọ̀. Yàrá tó tẹ̀lé e ni Jésùtófínmi, ọmọ oṣù méjì tí Tolúwalàṣẹ àkọ́bí wọn bí, ń sùn sí. Lọ́sàn-án, iná tún gbérí nínú àpò kan. Kò jó fòò. Kò sí èéfín tí èèyàn lè rí, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ olóró èédú ti kún yàrá ọmọ. Nígbà tí Màmá wọlé, ọmọ náà kò jí, ó ti rọ̀ jọwọrọ. Màmá gbé e sáré bọ́ síta. Ó pẹ́ kó tó sunkún. Bàbá wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú erùpẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ti wọ inú Bàbá, kò sì jáde mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta di ọjọ́ méje. Orí àpáta tí koríko kò hù ni wọ́n ń tẹ́ èédú sí. Wọ́n á ti ọwọ́ lásán bọ inú àpò kọ̀ọ̀kan títí dé ìgúnpá. Àmì ìka dúdú kì í kúrò lára sùtánà funfun wọn. Bí ìjọ bá bi wọ́n ní ohun tí wọ́n fẹ́ kí a gbàdúrà sí, ọ̀kan náà ni: kí iná má pa ẹnikẹ́ni nítorí tàwọn. Ní gbogbo ọ̀gbẹlẹ̀, wọ́n máa ń kó àwọn ará Atosin jáde láti ṣán etí oko kí iná igbó má baà kọjá. Àwọn kan ń pè wọ́n ní ojo.

"Ojo ni mí," ni wọ́n á wí. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ láyà, ẹ gbé e sínú yàrá yín."

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kejì ọdún yìí, Bàbá ṣubú lẹ́bàá òkìtì tó ṣì ń rú èéfín. Apá ọ̀tún wọn kò gbé mọ́. Atẹ́gùn gbígbẹ ń fẹ́ gan-an. Olúlékè sáré wá ọkọ̀ wá, Màmá sì fẹ́ bá wọn wọkọ̀.

"Ìyá Tolú, má tẹ̀lé mi," ni Bàbá wí. Ẹnu wọn ti wọ́. "Dúró ti òkìtì."

"Bàbá Tolú, ṣé èédú ni mo fẹ́ ni?"

"Àwọn ọmọ Olúlékè wà nínú abà lẹ́yìn ibẹ̀. Dúró."

Màmá dúró. Wọn kò dá ṣọ́ òkìtì rí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni iyẹ̀pẹ̀ sán, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fi ọwọ́ dí i. Bí wọ́n bá wo òkìtì, wọ́n á wo ojú ọ̀nà. Nígbà tí Olúlékè padà dé, ó ti bọ́ fìlà. Bàbá ti kú ní ilé ìwòsàn. Màmá kò kúrò nídìí òkìtì títí Olútìmẹ́hìn, ọmọ wọn ọkùnrin, fi dé láti gbà á lọ́wọ́ wọn.

A gbọ́ pé àwọn kan ń sọ pé Màmá yan èédú ju ọkọ wọn lọ. Bàbá ló ní kí wọ́n dúró. Abà Olúlékè kò jó. Ọ̀rọ̀ tán.

Bàbá fi Màmá Joanna sílẹ̀, àti àbúrò wọn, Olúrónkẹ́. Àwọn ọmọ wọn, Tolúwalàṣẹ, Olútìmẹ́hìn àti Faith. Àti ọmọ-ọmọ márùn-ún. Jésùtófínmi, tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, ni àgbà wọn.

Ọjọ́ Ajé tó kọjá la ṣí òkìtì náà. Èédú rẹ̀ wà lórí àpáta lẹ́yìn ilé. Òní ló pé ọjọ́ márùn-ún. Ó ti tutù lójú, ẹ̀rù rẹ̀ ṣì ń bà wá. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má bù ú lọ sílé lónìí, ìbáà ṣe ẹbí.

Bàbá, ilẹ̀ tó tutù la tẹ́ yín sí. Àwa la ó máa ṣọ́ èyí tó kù. Ẹ sùn re o.