Ta Ló Ń Bu Omi sí Búta Alhaja?

Àlàmísì, ìrọ̀lẹ́

Inú ṣì ń bí mi. Mo lọ gba ìtàn tí mo kọ lọ́wọ́ Ṣẹ̀kínà, ọmọbìnrin tó ń bá mi tẹ̀wé ní Táíwò Road. Nínú ìtàn náà, omi máa ń kún búta àlùwàlá Alhaja kan kó tó jí kírun Àsùbá, kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tó ń bù ú. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni. Àbí èmi gan-an ni ò mọ̀?

Ṣẹ̀kínà ti fi ìlà kan kún un nísàlẹ̀: "Orogún rẹ̀ tí kì í kí i ló ń bù ú."

Mo ní, "Ta ló sọ fún ẹ?"

Ó kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Àǹtí. Mo rò pé ẹ gbàgbé ni. Bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe fún ìyálé wọn nìyẹn. Ìyálé ò mọ̀ títí ìyá mi fi kú."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti mú bírò láti pa ìlà yẹn rẹ́. Ó ba ìtàn mi jẹ́, mo mọ̀.

Ìyá yẹn ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀. Ọmọ rẹ̀ ò lè gbà ká má mọ̀. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀ nínú àwọn méjèèjì?